Rọra Wà Á, Rùká

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, ẹ má bi ọlọ́kọ̀, ẹ bi ẹni tó rán àga rẹ̀. Rùkáyátù ti ń rán àga ọkọ̀ ní Ṣógúnlé láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó lè wo àga kan kó sọ fún yín pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà máa ń jẹun nínú rẹ̀, tàbí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ kì í jọ jáde mọ́, nítorí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì le bíi tuntun, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì gbọọrọ kan, àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n tò kan àjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ láti Máfòlúkù títí dé Ìsọlọ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí ojú abẹ́rẹ́ méjì ló máa ń rán níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán ẹyọ kan. Ó ní ẹyọ kan tó fún bùbá àti ṣòkòtò, ṣùgbọ́n ìdí èèyàn wúwo ju èjìká lọ.

Ọmọ Ìwó ni. Bàbá rẹ̀ ló mú un wá sí Èkó, kò sì pẹ́ tí bàbá náà fi kú. Ẹni tí kò jẹ́ kó kó ẹrù padà sílé ni Gàfárù, mẹkáníìkì, ọmọ agboolé kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ òpópónà yẹn kan náà, lápá ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè. Gàfárù ló fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ àga. Òun ló dúró bíi bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀. Títí di àsìkò tí mo ń sọ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ wá fún un pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, Gàfárù á kọ́kọ́ wo inú ọkọ̀ náà, á mi orí, á ní, "Àga yìí ò yẹ yín o. Ẹ lọ bá àbúrò mi lókè lọ́hùn-ún." Ìdajì oúnjẹ tí Rùkáyátù ń jẹ, ẹnu Gàfárù ló ti ń jáde. Bọ̀ọ̀dá ló máa ń pè é, ó sì máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé bàbá òun ò kú tán.

Òun náà kì í ṣe aláìmoore. Gbogbo àgékù lẹ́dà tó bá kù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ló ni ín. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yẹn, àgékù kì í ṣe ohun títà, ẹni tó bá sún mọ́ ọ ló ń wá a, wàá sì bùn ún. Gàfárù máa ń fi wé wáyà, ó máa ń fi kúnlẹ̀ bó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà òjò kan báyìí, ó wá, ó ní èyí tóun fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀. Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lẹ́dà tirẹ̀ wá láti Ìbàdàn ni, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lára, irú èyí tí Rùkáyátù kò rí rí ní Òṣòdì. Ó mú àgékù rẹ̀ méjì, ó rán wọn pọ̀ mọ́ra, ojú abẹ́rẹ́ méjì, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa fi sùn ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Mo fẹ́ fi tẹ́ ibì kan ni."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kò tún rántí lẹ́dà náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wu obìnrin yìí láyé. Kì í ṣe góòlù. Lọ́dún kan tó ti pẹ́, ọkùnrin kan gbé Gọ́ọ̀fù pupa kan wá fún un pé kó tún àga rẹ̀ rán. Ọkọ̀ kékeré ni, ìdí rẹ̀ gé kúrú, kò ní búùtù tó yọ sẹ́yìn, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ọmọrí ìkòkò. Wọ́n kọ GTI sí i níwájú ní lẹ́tà kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ pariwo. Aṣọ àga rẹ̀ jẹ́ onílà, ìlà dúdú àti ìlà eérú àti ìlà pupa tó ń gba orí ara wọn kọjá, Rùkáyátù sì fẹ́ràn aṣọ náà tó fi jẹ́ pé ṣe ló ń tú u bí ẹni ń tú irun ọmọ. Nígbà tó rán an tán, ọkùnrin náà ní kó wà á dé òpin títì kó tọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Rùkáyátù jáde sí títì pápá ọkọ̀ òfúrufú, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ yòókù, èèyàn á bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. Èyí ti lọ ná. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó sì ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní kó sọ ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tó bá ti dárúkọ àlàáfíà àti Mẹ́kà tán, Gọ́ọ̀fù pupa ló kù. Gàfárù mọ̀. Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Wọ́n a máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá dé, ẹ̀fúùfù ló máa gbé gèlè rẹ̀ lọ.

Ohun tí Rùkáyátù ní tó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí di òótọ́ kò ju ilẹ̀ kan lọ, lápá Ìkòròdú. Lọ́jọ́ kan ṣáá lọ́dún tó kọjá, ó ń padà sílé ní Ẹ́sítéètì Jákàńdè, ó gbójú sókè létí Ẹ́sípíréèsì lápá Ìsọlọ̀, ó sì rí i láàárín àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Felix máa ń pàtẹ síbẹ̀. Ó pupa, ó kúrú nídìí, lẹ́tà mẹ́ta níwájú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ ta ilẹ̀.

Ọláyanjú, ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè.

"Ìyá Rodiat, ilẹ̀ kì í mu epo o."

"Bàbá Rodiat, ilẹ̀ kì í sáré náà."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, torí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ohun kan péré ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní Babájídé kan wà níwájú ẹ́sítéètì tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, kó jẹ́ kí Babájídé náà wò ó kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Rùkáyátù wò ó bí ẹni pé ó sọ ìsọkúsọ. Kí wọ́n mú mẹkáníìkì mìíràn lọ síwájú Bọ̀ọ̀dá Gàfárù? Ó dà bíi kí ìyàwó se ọbẹ̀ tán, kí ọkọ gbé e lọ fún aládùúgbò kó bá òun tọ́ ọ wò. Ẹ ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó dúró níbi yìgì yín. Ìtìjú ni mo pe èyí, kì í ṣe òmùgọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì máa ń gbé ilé kan náà nígbà mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gàfárù. Páànù tó ti jẹrà lórí ṣọ́ọ̀bù náà ti ń jò láti ọdún mẹ́ta, àsìkò yẹn gan-an sì ni Gàfárù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé òun ti rí ọ̀nà tóun máa gbà pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ nígbà tí Rùkáyátù sọ fún un.

"Pupa?" ni ó bi í.

"Pupa ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ti Felix?"

"Ẹ ti rí i?"

"Ta ni kò mọ Felix." Ó ń nu ọwọ́ náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ti mọ́. "Ṣé o ò lè ní sùúrù kí òmíràn dé?"

"Ọdún wo ni òmíràn tún máa dé?"

Rùkáyátù rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń ká a lára. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń bá òun ro ọ̀la.

Wọ́n jọ lọ. Felix wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde láàárín eruku, ó ń fi aṣọ nu ibi tó ti mọ́.

"Àǹtí, ẹ fọwọ́ kàn án. Fọ́ọ̀sì bọ́dì ni, ọ̀dà tí wọ́n kùn ún lókè òkun ló ṣì wà lára ẹ̀ báyìí. Ìyá arúgbó kan ló lò ó lọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wà á lọ, I swear."

Gbogbo ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wà l'Ékòó ló jẹ́ pé ìyá arúgbó kan ló lò ó. Bí àwọn ìyá náà ṣe ń ráyè wa gbogbo wọn, Ọlọ́run ló mọ̀. Rùkáyátù kò tilẹ̀ béèrè ohun tí ìyá arúgbó ń fi GTI lé lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Gàfárù ló ń wò.

Àwọn mẹkáníìkì ní èdè tiwọn lórí irú nǹkan báyìí. Kò sí èyí tó máa dúró níwájú ẹni tó ń tajà kó ní ọkọ̀ rẹ̀ kò dáa, nítorí wọ́n á tún pàdé lọ́la, oúnjẹ sì wà láàárín wọn. Bí ọkọ̀ bá ní àléébù, mẹkáníìkì á kàn gbọn eruku aṣọ rẹ̀, á ní, "A ń bọ̀." Ìyẹn nìkan ti tó. Ẹni tó bá gbọ́n á dágbére, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Rùkáyátù mọ èdè náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dẹ etí sí, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má gbọ́ ọ.

Gàfárù fi ìka kan bọ́dì níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Rùkáyátù ní tirẹ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ. Wọ́n ti fi ìbora eérú burúkú kan bo àga, ó sì ti ń rò ó bóun ṣe máa tú u dànù kóun wá aṣọ onílà yẹn. Láìròtẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dé etí kápẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í jẹ́ kéèyàn rí kápẹ́ẹ̀tì kó má ká a sókè wo ìdí rẹ̀.

"Fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀."

Gàfárù ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó dúró tì í lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

"Àga ni tìrẹ, Rùká. Ìsàlẹ̀ ni tèmi, mo sì ti wò ó."

Ó fi í sílẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan kì í ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kejì. Ó gbójú sókè wo Bọ̀ọ̀dá, ó ń retí ìdájọ́. Gàfárù ya ẹnu, ó pa á dé, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ọkọ̀ dáa," ni Gàfárù wí. "Ṣùgbọ́n rọra wà á, Rùká. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹni tó ju bàbá ẹni lọ nìkan ló máa ń bẹni báyẹn. Omi lé ròrò sí i lójú.

Oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ má fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí títì tó kún, Rùkáyátù á gbé Rodiat ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á jáde sí títì pápá ọkọ̀ òfúrufú, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì á sì pariwo títí wọ́n á fi dé ìkóríta. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Lọ́sàn-án á gbé ọkọ̀ náà síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà á wò ó, á sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Kò sí ọjọ́ tí Gàfárù bá kọjá tí kò ní dúró.

"Ṣé ò ń rọra wà á?"

"Mò ń rọra, Bọ̀ọ̀dá."

"Rọra o. Ẹ̀mí ò láàrọ̀."

Rùkáyátù á yíjú sí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, á ní, "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi?" Nígbà tí Gàfárù kan páànù tuntun sórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń dán gbinrin nínú oòrùn, òun ló kọ́kọ́ lọ kí i kú oríire. Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání lọ. Ó gbàdúrà pé Ọlọ́run á fi kún un.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀ bó bá ti sáré dé ibì kan, dídún fínnífínní kan bíi ti ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ó tún ń fà sí òsì. Gàfárù gbé e wọlé, ó lo odidi ọjọ́ kan lórí rẹ̀, ó ní títì Èkó ni, kó ṣáà máa rọra. Dídún náà dín kù, ó tún padà.

Nígbà Iléyá, àwọn oníbàárà ti lọ sílé, òpópónà dákẹ́. Rùkáyátù ti rí aṣọ onílà náà rà ní Òṣòdì níkẹyìn, ìlà dúdú, ìlà eérú, ìlà pupa. Ó ní òun kò ní í lọ sí Ìwó lọ́dún yìí, àga òun lòun fẹ́ rán. Ó tú àwọn àga iwájú, ó gbé wọn sórí tábìlì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán méjèèjì, ojú abẹ́rẹ́ méjì, kò sì yára. Ó wá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí àga ti wà níta, kí òun kúkú fọ kápẹ́ẹ̀tì. Ó ká a sókè.

Ohun tó kọ́kọ́ rí jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Lẹ́dà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun ni, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ni lẹ́dà Ìbàdàn yẹn ń wá níbí? Ó fi ìka tẹ ojú ìrán rẹ̀ láàárín. Ojú abẹ́rẹ́ méjì. Èèyàn mọ ìkọ̀wé ara rẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó fa lẹ́dà náà kúrò, tó wá rí ohun tí wọ́n fi bò.

Wọ́n jó irin pọ̀ mọ́ irin láti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀tún títí dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn òsì. Ojú ibi tí wọ́n jó ọ̀hún wú bí àpá ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀. Níwájú rẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ náà pupa. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ọ̀dà pupa tó ti ń ṣí, ó búlúù. Ọkọ̀ méjì ni. Wọ́n ti kọlu ọ̀kan láti ẹ̀yìn, wọ́n ti kọlu ìkejì láti iwájú, ẹnì kan sì mú èyí tó kù lára àwọn méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan lára ojú ìsopọ̀ náà ti là, ó tó ohun tí ìka kékeré máa wọ̀. Ibi tó ń dún nìyẹn.

Rùkáyátù jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò ní àga. Kì í ṣe ilẹ̀ Ìkòròdú ló kọ́kọ́ rò. Rodiat ló rò, tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú títì, tí irun rẹ̀ ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé lẹ́dà òun ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tún kọjá bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ tí wọ́n fi bo ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ dè é, ó sì tún kúnlẹ̀ gbé e fún wọn.

Ó de àga kan ṣoṣo padà, ti ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ó fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wa ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù Gàfárù, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì tẹ́ lẹ́dà náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gàfárù jáde wá. Ó wo lẹ́dà. Kò wo inú ọkọ̀, kò sídìí tó fi yẹ kó wò ó.

"Iṣẹ́ ta nìyí, Bọ̀ọ̀dá?"

"Felix ló gbé e wá ní ìdajì-ìdajì. Èmi àti ẹ̀ la jọ dáwó lé e, ká lè jọ pín èrè ẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe é, n ò mọ ẹni tó máa rà á. Mo fi Ọlọ́run búra, Rùká."

"Mo gbà. Nígbà tí mo wá bá yín níbí, tí mo ní mo ti rí Gọ́ọ̀fù pupa ńkọ́?"

"Mo ní kó o ní sùúrù."

"Níwájú Felix ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. 'A ń bọ̀.' Ó ti dé orí ahọ́n mi."

"Kí ló gbé e mì?"

Ojú Gàfárù lọ sókè láìfẹ́, ó sì padà wá kíá. Rùkáyátù tẹ̀ lé ojú náà. Páànù tuntun ń dán lórí wọn. Ó rántí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó gbé wá, ó rántí àdúrà tó gbà.

"Ṣebí mò ń sọ fún ẹ pé kó o máa rọra," ni Gàfárù wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Ọjọ́ wo ni n ò sọ ọ́?"

Ó yà mí lẹ́nu títí di òní pé gbólóhùn yẹn ló fọ́ ọ. Obìnrin náà ti dúró ṣinṣin títí débẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń yíjú sí àwọn èèyàn pé ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi, ẹni tó jó irin náà ló ń bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kó là. Ó bú sẹ́kún láàárín òpópónà, kò sì fọwọ́ bojú.

"Rodiat ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Ọláyanjú kò sọ pé "Mo sọ fún ẹ." Ìyẹn nìkan ni mo ní láti fi yìn ín, ó sì tó. Nígbà tó gbọ́, ó wá sí Ṣógúnlé látẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó wo ojú ibi tí wọ́n jó náà, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ níbi tí kò sí àga, pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Felix ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ sẹ́ ẹ. Ó ní owó ti pín, ó ti lọ, ọkọ̀ kì í sì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó ní kí Àǹtí má sunkún, pé nǹkan rírọrùn ni.

"Ẹ ṣáà dá kápẹ́ẹ̀tì yẹn padà, kẹ́ ẹ rán àga yẹn kó fine. Pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹlòmíì máa rà á kíá. Bọ̀dá Gàfárù máa bá a wò ó."

Bí mo bá ní kò rò ó, irọ́ ni mo pa. Ó rò ó, ó sì dá kápẹ́ẹ̀tì náà padà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní láyé ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tilẹ̀ wá, ó ti fẹ́ràn ọkọ̀ náà kó tó sún mọ́ ọn, Rùkáyátù sì rí ojú tó fi ń wò ó, ó mọ ojú náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè fún un. Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ó sì lọ.

Ó tú ọkọ̀ náà tà. Ẹ́ńjìnnì lọ sí ọjà Ládípọ̀, gíà lọ, táyà lọ, àwọn onírin wá fi kẹ̀kẹ́ kó ìyókù. Ohun tó wọlé kò tó ra ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ tó tà.

Àwọn àgbà ọmọ Ìwó wá bẹ̀ ẹ́ nílé ní Jákàńdè. Wọ́n ní kó má jẹ́ káyé gbọ́, wọ́n ní ẹni tó ṣe bàbá fúnni kò ṣeé kọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ìgbà tí Gàfárù di ọmọ, wọn ò sọ. Rùkáyátù gbọ́ wọn tán, ó ní òun ti forí jì í. Ó fún wọn ní omi tútù. Wọ́n lọ, inú wọn dùn pé iṣẹ́ wọn yọrí.

Lára gbogbo ọkọ̀ náà, ohun méjì péré ló fi pamọ́. Àkọ́kọ́ ni àga ẹni tó ń wakọ̀. Ó kan ẹsẹ̀ igi mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó gbé e sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ló ń jókòó ṣiṣẹ́ báyìí, lórí ìlà dúdú, ìlà eérú, ìlà pupa. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé àga náà dáa, òun náà á sì ní ó dáa.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Gàfárù tó tún gòkè wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i kú iṣẹ́, ó bi í nípa Rodiat, ó bi í nípa Ọláyanjú. Gbogbo rẹ̀ ni Rùkáyátù dáhùn. Ó hàn pé ọkùnrin náà ń wá bó ṣe máa mọ̀ bóyá nǹkan ti padà sí bó ṣe wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ ló gbà.

"Rùká, ṣé àgékù lẹ́dà ò sí nílẹ̀?"

"Ó wà, Bọ̀ọ̀dá."

Ó dìde lórí àga, ó lọ sídìí fọ́ọ̀mù, ó fa nǹkan kejì tó fi pamọ́ jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa. Ó fi orúnkún kan ilẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Gàfárù ti nawọ́ gbà á, ó ti ń dúpẹ́, kó tó rí àwọ̀ ewé, kó tó rí ìlà funfun, ojú abẹ́rẹ́ méjì láàárín, àti etí ibi tí iná ìjórin ti jó o dúdú. Kò lè dá a padà, nítorí ẹnì kan kì í kọ àgékù lọ́wọ́ ẹni tó bùn ún.

"Ẹ rọra máa lọ o, Bọ̀ọ̀dá," ni Rùkáyátù wí, ó padà jókòó, ó sì ń bá ìrán rẹ̀ lọ.